Iṣẹ́ Àkọ́kọ́ Nọ́ọ̀sì Tuntun: Àsọyé fún Àwọn Ará Èjìnrìn

  Ọ̀rọ̀ tí a mú wá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ayẹyẹ. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ni, àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí iṣẹ́ agbẹ̀bí tán, tí wọ́n ti gba ìwé àṣẹ, tí wọ́n sì jókòó sílé nítorí pé wọn kò rí ibi tí wọn yóò ti ṣe é. Ọ̀rọ̀ àwa tìkára wa sì ni pẹ̀lú, nítorí kò sí agbo ilé kan níhìn-ín tí kò ní aboyún, tàbí arúgbó, tàbí ọmọ ọwọ́.

Àwọn àgbà ìlú yìí mọ ohun tí ọjà ń jẹ́. Kí ọkọ̀ ojú irin tó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, ọjà Èjìnrìn jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn ńlá tí Ìjẹ̀bú àti Èkó fi ń wọlé tọ ara wọn. Àwọn ará òkè a máa ru epo àti èkùrọ́ àti oúnjẹ bọ̀. Àwọn ará Èkó a sì máa gba orí ọ̀sà wá pẹ̀lú ọjà ti òkè òkun. Ọlọ́jà ní ẹrù, oníbàárà sì ní owó. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá dé èbúté, tí kò sí pákó tí a ó fi bọ́ sí ilẹ̀, ẹrù yóò wà lórí omi, oníbàárà yóò wà ní etí omi, àwọn méjèèjì yóò sì máa wo ara wọn.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì rí ní ilẹ̀ wa lónìí. Aláìsàn ń sọ pé òun kò rí nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì tuntun ń sọ pé òun kò rí iṣẹ́. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ní ọjọ́ kan náà lè rò pé ọ̀kan nínú wọn ń purọ́. Kò sí èyí tí ó ń purọ́ nínú wọn. Pákó ni kò sí. Igi mẹ́ta ni a sì fi ń kan pákó náà: owó oṣù tí ó tọ́, ilé tí a lè sùn sí, àti àgbà nọ́ọ̀sì tí yóò máa wo ọwọ́ ọmọ tuntun. Níbi tí igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wà, kódà iṣẹ́ ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀, èyí tí a ó máa pè ní iṣẹ́ àbọ̀ àkókò, yóò gbé ọmọ wa gòkè. Níbi tí wọn kò bá sí, iṣẹ́ kan náà yóò já mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ohun tí a fẹ́ fi yé yín ní ìrọ̀lẹ́ yìí ni èyí.

BÍ A TI Ń DI NỌ́Ọ̀SÌ

Àwọn mìíràn nínú wa rò pé aṣọ funfun ni ó ń sọ ènìyàn di nọ́ọ̀sì. Ó dára kí a mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Florence Nightingale dá ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1860, ohun tí ó fi múlẹ̀ ni pé a kò lè fi ìwé nìkan kọ́ iṣẹ́ náà. Ẹ̀bá ibùsùn aláìsàn ni a ti ń kọ́ ọ, lábẹ́ ojú ẹni tí ó ti ṣe é pẹ́. Àṣà yìí ni àwọn míṣọ́nnárì àti ìjọba mú wá sí ilẹ̀ wa. Ẹ ti gbọ́ orúkọ ilé ìwòsàn Sacred Heart ní Abẹ́òkúta, ti Wesley Guild ní Iléṣà, àti ti ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọbìnrin Yorùbá ni ó kọ́ bí a ti ń tọ́jú aláìsàn ní irú ibẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni òfin dé. Ní ọdún 1930 ni a ṣe òfin nípa àwọn agbẹ̀bí. Ní ọdún 1947 ni a ṣe ti ìforúkọsílẹ̀ àwọn nọ́ọ̀sì. Ní ọdún 1979 sì ni a pa méjèèjì pọ̀ sábẹ́ ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo tí ó ń ṣe àkóso nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní gbogbo Nàìjíríà. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé ìgbìmọ̀ yìí kì í ṣe nọ́ọ̀sì, bí ó tilẹ̀ mọ abẹ́rẹ́ í fún. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni a sì ń tún ìwé àṣẹ náà gbà, ẹni tí ó fẹ́ tún un gbà sì gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun kò dẹ́kun ẹ̀kọ́.

Ẹ ó rántí Ìyáàfin Kọ́fọwórọlá Àbẹ̀ní Pratt, ọmọ Èkó, tí a bí ní ọdún 1915. Olùkọ́ ni ó kọ́kọ́ jẹ́. Ní ọdún 1946 ni ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ Nightingale tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì wà lára àwọn nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú tí ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ nínú ètò ìlera ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1948. Nígbà tí ó padà sílé, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó ṣe olórí àwọn nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn University College, Ìbàdàn. Lẹ́yìn náà ni ó di olórí nọ́ọ̀sì fún ìjọba àpapọ̀, ó sì ṣe kọmíṣọ́nnà fún ìlera ní Ìpínlẹ̀ Èkó. A kò sọ ìtàn yìí kí olúkúlùkù ọmọ wa lè máa lá àlá ipò ńlá. A sọ ọ́ nítorí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀: ẹni tí ó wá di olórí gbogbo wọn ti kọ́kọ́ fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lábẹ́ àgbà. Ọmọ tí a kò fi ojú tọ́ ní ọdún méjì àkọ́kọ́, ìwé àṣẹ ni ó ní, kò tí ì ní ọwọ́.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ SÍ ỌMỌ KAN

A mọ ọmọbìnrin kan dáadáa, nítorí inú ìjọ wa ni ó ti dàgbà. Ó yege nínú ìdánwò rẹ̀, a sì bá a dúpẹ́. Ó kọ ìwé sí ibi púpọ̀ láti wá iṣẹ́. Ibi tí ìjọba ti ń gba ènìyàn kò tí ì ṣí ìlẹ̀kùn ní àkókò náà, ilé ìwòsàn ńlá tí ó tọ̀ lọ sì wí fún un pé kí ó lọ ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì níbòmíràn kí ó tó padà wá. Ó dáhùn pé, “Bí gbogbo yín bá ń béèrè ọdún méjì, ta ni yóò fún mi ní ọjọ́ kìn-ín-ní?” Kò rí ẹni dá a lóhùn.

Nígbà tí ó ṣe, ó rí iṣẹ́ òru mẹ́ta lọ́sẹ̀ ní ilé ìtọ́jú aládàáni kan, ní ìlú kan tí a kò ní dárúkọ. Owó náà kò tó ó gbé ilé, nítorí náà ó tún gba iṣẹ́ ọ̀sán ní ibòmíràn. Òun nìkan ni nọ́ọ̀sì tí ó ní ìwé àṣẹ ní òru. Àwọn tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí a wọ̀ ní aṣọ nọ́ọ̀sì, kí àwọn ènìyàn lè rò pé nọ́ọ̀sì pọ̀ níbẹ̀.

Ní ìdájí ọjọ́ kan, obìnrin kan bímọ tán, ẹ̀jẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí ya lára rẹ̀. Ọmọ wa mọ ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe. Ó ń fi ọwọ́ ra inú obìnrin náà kí ilé ọmọ lè sún kì, ó sì pè fún abẹ́rẹ́ tí ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Àpótí oògùn wà ní títì. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì ti bá olówó ilé lọ sùn. Kò sí dókítà, kò sí àgbà nọ́ọ̀sì tí ó lè pè. Ó gbé obìnrin náà sínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ó sì kúnlẹ̀ tì í, kò gbé ọwọ́ kúrò ní inú rẹ̀ títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn ìjọba. A dúpẹ́, obìnrin náà yè. Ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù parí, olówó ilé yọ owó òru náà kúrò nínú owó ọmọ wa, ó ní ó fi ẹnu iṣẹ́ sílẹ̀ láìgba àṣẹ.

Oṣù mẹ́rin ni ọmọ náà fi jókòó sílé lẹ́yìn èyí. Ìyá rẹ̀ wá bá wa, ó ní, “Ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀, ó ní òun kò ṣe nọ́ọ̀sì mọ́.” Nígbà tí a débẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sí wa, ó ní, “Ẹ wò ó, sà. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n.” A kò lè gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Ó ní ẹ̀kọ́, ó ní àánú, ó sì ní ìgboyà. Ohun tí kò ní kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀: owó tí kì bá jẹ́ kí ó ṣe iṣẹ́ ọ̀sán mọ́ ti òru, àti àgbà kan tí ì bá wí fún un pé kí ó kọ́kọ́ béèrè kọ́kọ́rọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

ÌGBÀ KAN TÍ A GBÌYÀNJÚ LÁTI KAN PÁKÓ NÁÀ

Ìjọba kò ṣàì mọ ọ̀rọ̀ yìí. Dókítà Olikoye Ransome-Kuti, tí ó jẹ́ mínísítà ìlera láti ọdún 1985 títí di ọdún 1993, tẹnu mọ́ ọn pé ẹ̀bá ilé àwọn ènìyàn ni ó yẹ kí ìtọ́jú ti bẹ̀rẹ̀. Ètò ilé ìlera alábọ́dé tí a ní lónìí sì ru àmì ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé kì í wo aláìsàn. Ní ọdún 2009 ni ìjọba àpapọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ ètò kan láti kó àwọn agbẹ̀bí lọ sí ìgbèríko. Àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yege, àwọn tí kò rí iṣẹ́, àti àwọn tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì ni a pè jọ. Ilé ìlera alábọ́dé 652 ni a yàn ní ìbẹ̀rẹ̀, agbẹ̀bí mẹ́rin mẹ́rin ni a ní kí a fi sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ilé mẹ́rin mẹ́rin ni a sì so mọ́ ilé ìwòsàn ńlá kan, kí ọ̀nà lè wà láti gbé ẹni tí ọ̀ràn rẹ̀ le lọ síbẹ̀.

Ẹ kíyè sí ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀. Wọn kò fi ọmọ tuntun sílẹ̀ ní òun nìkan. Wọ́n jẹ́ kí àgbà tí ó ti fẹ̀yìn tì lè bá a ṣe pọ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí igi kan ti sẹ́ ni ẹ ó tún gbọ́. Owó náà ni a pín sí mẹ́ta: ìjọba àpapọ̀ yóò san tirẹ̀, ìpínlẹ̀ yóò fi kún un, ìjọba ìbílẹ̀ yóò sì fi kún un pẹ̀lú, yóò sì wá ilé fún àwọn agbẹ̀bí náà. Ní ibi púpọ̀, apá ti ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ kò dé, ilé tí a ṣèlérí kò sì sí. Agbẹ̀bí tí kò rí owó, tí kò sì rí ibi sùn, bí ó tilẹ̀ fẹ́ràn àwọn ará abúlé tó, yóò di ẹrù rẹ̀. Ẹ má ṣe bú u. Ẹnikẹ́ni nínú wa ha lè dúró bí?

IṢẸ́ ÀBỌ̀ ÀKÓKÒ: ÀǸFÀÀNÍ ÀTI EWU RẸ̀

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ iṣẹ́ àbọ̀ àkókò. Àwọn òbí mìíràn kà á sí ìtìjú. Wọ́n ní, “A kò rán ọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kí o lè máa ṣiṣẹ́ ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀.” Àwa kò gbà pẹ̀lú wọn. Ọwọ́ tí ó ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kò ní gbàgbé iṣẹ́ bí ọwọ́ tí a ká lẹ́rán. Ọmọ tí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ilé ìwòsàn tí àgbà wà yóò rí ohun púpọ̀ kọ́, àwọn tí ó wà níbẹ̀ yóò mọ̀ ọ́n, nígbà tí ààyè bá sì ṣí sílẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ rántí. Ìyá ọlọ́mọ tí kò lè fi ilé sílẹ̀ lójoojúmọ́ lè fi ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fẹ́ gba oyè síwájú sí i lè fi san owó ìwé.

Ṣùgbọ́n kí ọmọ wa mọ ibi tí òfin ti ń bò ó àti ibi tí kò ti bò ó. Ní ọdún 2024 ni a sọ owó oṣù tí ó kéré jù lọ ní Nàìjíríà di náírà 70,000. Èyí dára. Ṣùgbọ́n òfin náà yọ ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ àbọ̀ àkókò sílẹ̀, ó sì yọ ibi iṣẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀ pẹ̀lú. Ìwọ̀nyí sì ni ilé ìtọ́jú kéékèèké tí ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì tuntun ti ń bẹ̀rẹ̀! Bákan náà ni owó ìfẹ̀yìntì. Òfin ọdún 2014 fi dandan mú agbanisíṣẹ́ aládàáni tí ó ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pé kí ó máa fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù sí àpò òṣìṣẹ́, kí òṣìṣẹ́ náà sì fi ìdá mẹ́jọ kún un. Ilé ìtọ́jú tí ó ní òṣìṣẹ́ mẹ́fà kò sí lábẹ́ dandan yìí. Nítorí náà, ohun tí òfin kò bá sọ fún ọmọ wa, ìwé àdéhùn ni yóò sọ ọ́. Bí kò bá sí ìwé àdéhùn, ẹnu olówó ilé ni òfin.

A bẹ ẹ̀yin ọ̀dọ́ pé kí ẹ béèrè ohun márùn-ún kí ẹ tó fi ọwọ́ sí iṣẹ́ àbọ̀ àkókò. Èkínní, ta ni àgbà tí mo lè pè ní òru, yóò ha sì dáhùn? Èkejì, níbo ni kọ́kọ́rọ́ oògùn máa ń wà, báwo ni a sì ti ń gbé ẹni tí ọ̀ràn rẹ̀ le lọ sí ilé ìwòsàn ńlá? Ẹ̀kẹta, èló ni ẹ ó san fún mi ní òru kan, ọjọ́ wo ni ẹ ó san án, kí ni ẹ ó sì ṣe bí iṣẹ́ bá kọjá àkókò? Ẹ̀kẹrin, bí mo bá ṣiṣẹ́ pẹ̀lú yín fún ọdún kan, ẹ ó ha kọ ìwé ẹ̀rí tí ẹlòmíràn yóò gbà? Ẹ̀karùn-ún, èyí sì ni kí o bi ara rẹ: wákàtí mélòó ni mo ti sùn? Ẹni tí ó bá fi ọ̀sán pọ̀ mọ́ òru kò ní pẹ́ kó àṣìṣe pọ̀ mọ́ àánú; aláìsàn ni yóò sì san gbèsè rẹ̀.

ÀWỌN TÍ OJÚ WỌN WÀ LÓKÈ ÒKUN

A mọ̀ pé bí a ti ń sọ̀rọ̀ yìí, ọkàn àwọn ọmọ wa mìíràn ti dé Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà. A kò wá láti bá wọn wí; àwọn ará Èjìnrìn kò lè sọ pé ẹni tí ó gba orí omi lọ wá ọjà ṣe àìdára. Ṣùgbọ́n kí wọn mọ ọ̀nà. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ìgbìmọ̀ tí ń ṣe àkóso nọ́ọ̀sì kéde pé ẹni tí ó bá fẹ́ kí òun jẹ́rìí sí ìwé rẹ̀ fún ilẹ̀ òkèèrè gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì lẹ́yìn tí ó gba ìwé àṣẹ. Àwọn nọ́ọ̀sì jáde ní Èkó àti ní Àbújá láti fi ẹ̀hónú hàn. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìtumọ̀, nítorí bí a bá béèrè ọdún méjì lọ́wọ́ ẹni tí a kò fún ní iṣẹ́, a ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn ní iwájú àti ní ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ náà kò sì ṣàì ní ìdí, nítorí àwọn ibùsùn ní ilé kò gbọdọ̀ ṣófo. Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá ti ka Nàìjíríà mọ́ àwọn ilẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ìlera wọn kò tó, tí àwọn ilẹ̀ ọlọ́rọ̀ kò sì gbọdọ̀ máa wá kó wọn lọ.

Ẹ sì gbọ́ ohun tí ó wà ní òdì kejì omi. Ní Amẹ́ríkà, irú nọ́ọ̀sì kan wà tí wọ́n ń pè ní nurse practitioner. Ní ọdún 1965, ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti Colorado, ni nọ́ọ̀sì kan, Loretta Ford, àti dókítà kan, Henry Silver, bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ tí ó bí i, nítorí àwọn ọmọdé tí kò rí dókítà nítòsí. Irú nọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ lè yẹ aláìsàn wò, kí ó sọ àrùn tí ń ṣe é, kí ó sì kọ oògùn fún un. Àwọn ọmọ Yorùbá wà nínú wọn. Oyè kejì, ó kéré tán, ni wọ́n ń gbà, wọ́n a ṣe ìdánwò, wọ́n a sì gba ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń gbé. Ní Maryland, irú nọ́ọ̀sì yìí lè dá dúró ṣiṣẹ́. Ní Texas, ó gbọ́dọ̀ ní ìwé àdéhùn pẹ̀lú dókítà kí ó tó lè kọ oògùn.

Ǹjẹ́ ẹ rò pé àwọn wọ̀nyí kò mọ ẹkún tí a ń sun níhìn-ín? Ẹkún kan náà ni. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣẹ yìí yóò rí ìpolówó iṣẹ́, yóò sì kà nínú rẹ̀ pé ẹni tí ó ti ṣe é rí ni a ń fẹ́. Nítorí náà, àwọn mìíràn kò fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì wọn àtijọ́ sílẹ̀, wọ́n a sì máa fi ọjọ́ kan tàbí méjì lọ́sẹ̀ ṣe tuntun. Owó wákàtí rẹ̀ lè dára, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní owó ìsinmi, kò ní adójútòfò ìlera, kò sì ní ìdánilójú pé a ó pè ọ́ ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Àwọn ọlọ́gbọ́n nínú wọn ń kọ́kọ́ béèrè ẹni tí yóò máa dáhùn ìbéèrè wọn níbi iṣẹ́, àti ẹni tí yóò san adójútòfò bí ẹjọ́ bá dé. Òkun kò yí ọ̀rọ̀ náà padà: ọmọ tuntun gbọ́dọ̀ rí àgbà.

OHUN TÍ ÈJÌNRÌN LÈ ṢE

Ẹlòmíràn yóò dìde wí fún wa pé, “Iṣẹ́ ìjọba ni èyí.” Òótọ́ ni. Òfin ìlera ọdún 2014 ní kí a máa ya ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó àpapọ̀ tí ń wọlé fún ìjọba sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú alábọ́dé, ó sì tọ́ kí a máa béèrè ibi tí ìpín tiwa wọlé sí. Ní ìparí oṣù keje ọdún 2025 ni àwọn nọ́ọ̀sì ìjọba da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó àti ipò wọn. Ẹ̀tọ́ wọn ni wọ́n ń béèrè. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ìjọba gbé igi kan, ìlú náà ní igi tí ó lè gbé.

Igi àkọ́kọ́ tí ó wà ní ọwọ́ wa ni ilé. Yàrá mélòó ni ó wà ní títì ní ìlú yìí, tí àwọn tí ó ni wọ́n wà ní Èkó, tí ó jẹ́ ọdún Kérésì nìkan ni a ń ṣí wọn? Yàrá kan tí ó ní omi, tí ó ní ìlẹ̀kùn tí ó ṣeé tì, tí obìnrin ọ̀dọ́ kan lè sùn sí láìfòyà, lè mú kí nọ́ọ̀sì gbà láti wá fún ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí ó sì fi ọjọ́ mẹ́ta yòókù ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ńlá ní Agbówà tàbí ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí àgbà wà. Ẹ wo bí iṣẹ́ àbọ̀ àkókò méjì ti di odidi iṣẹ́ kan tí ó ní ẹ̀kọ́ nínú!

Igi kejì ni ojú àgbà. Àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì wà nínú ìjọ wa. A bẹ̀ wọ́n: ẹ má ṣe jẹ́ kí ọgbọ́n yín máa jókòó ní ìdí fèrèsé. Kí olúkúlùkù yín gba ọmọ tuntun kan, kí ó lè pè yín ní òru, kí ẹ sì máa bi í léèrè ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ nípa ohun tí ó rí àti ohun tí ó bà á lẹ́rù.

Igi kẹta ni owó, àti òótọ́ nípa owó. Ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ni ó yẹ kí ìgbìmọ̀ àwọn ará ìlú wà fún ọ̀ràn ìlera. Ẹ jẹ́ kí àwọn tí ó mọ ìwé nínú wa jókòó nínú rẹ̀, kí wọn béèrè nọ́ọ̀sì mélòó ni a kọ sí ilé ìlera wa nínú ìwé, mélòó ni ó ń wá, àti ìdí rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó ní ilé ìtọ́jú má ṣe fi aṣọ nọ́ọ̀sì wọ ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ nítorí pé owó rẹ̀ rọjú. Kí àwa náà, nígbà tí a bá mú ọmọ wa lọ, sì béèrè pé, “Ta ni nọ́ọ̀sì tí ó ní ìwé àṣẹ níbí?” Ìbéèrè náà kò ní ìbínú nínú, ṣùgbọ́n ó lè gba ẹ̀mí là.

Gbogbo wa ni ó mọ ìtàn ará Samáríà tí ó gbé ẹni tí a gbọgbẹ́ lọ sí ilé èrò. A máa ń yìn ín nítorí òróró àti wáìnì tí ó dà sí ojú ọgbẹ́. Ẹ jẹ́ kí a rántí pẹ̀lú pé kí ó tó lọ, ó sanwó fún ẹni tí yóò máa tọ́jú aláìsàn náà, ó sì ṣèlérí láti san èyí tí ó bá kù. Kò fi àánú rẹ̀ sí ọrùn olúwa rẹ̀ kí ó sì máa bá ọ̀nà lọ. Nígbà tí a bá ń sọ fún nọ́ọ̀sì tuntun pé kí ó ní àánú, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ wa ti wà nínú àpò.

Ọmọbìnrin tí a sọ ìtàn rẹ̀ fún yín ti padà sí ẹnu iṣẹ́. Àgbà agbẹ̀bí kan tí ó ti fẹ̀yìn tì ni ó mú un lọ́wọ́, tí ó bá a lọ sí ilé ìwòsàn kan tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n, tí ó sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọn jẹ́ kí ó máa ṣiṣẹ́ ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ lábẹ́ olórí nọ́ọ̀sì wọn. Owó rẹ̀ kò pọ̀. Ìjọ fi yàrá kan kún un fún ọdún kan. Nígbà tí ọdún náà pé, wọ́n gbà á sí iṣẹ́ pátápátá. Ní oṣù tí ó kọjá, a béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Nígbà mìíràn, sà. Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà.”

Ọmọ kan nìkan nìyẹn. Àwọn mìíràn ṣì wà nínú ọkọ̀ ní èbúté, ìwé àṣẹ wọn wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń wo etí omi bóyá àwọn yóò rí pákó. Kí a tó túká ní ìrọ̀lẹ́ yìí, àwọn ìyá ìjọ yóò gba orúkọ ẹnikẹ́ni tí ó ní yàrá, àti orúkọ àgbà nọ́ọ̀sì tí ó bá fẹ́ gba ọmọ kan mọ́ra. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìwé náà padà lọ́wọ́ òfo.